Ike Dúdú Tí Kò Dán

Ìyá Jẹ́jẹ́ gbé ègé ike dúdú kan sórí tábìlì níwájú mi ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó ní kí n wò ó dáadáa ṣùgbọ́n kí n má fọwọ́ kàn án. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ rí ṣákaṣàka bí ibi tí eyín ti já nǹkan. Ojú ọ̀nà níwájú ilé ìlagi ni wọ́n ti ṣà á, nítòsí ibi tí wọ́n ti bá bàbá ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ pákó ní ìdùbúlẹ̀.

"Ṣé ara ọkọ̀ yín ló ti já?" ló bi mí.

Mo ní n kò mọ̀, òótọ́ sì ni. Ọkọ̀ akẹ́rù mi pupa, ṣùgbọ́n àwọn ike ara rẹ̀ dúdú: bọ́ńpà iwájú, àwọn ìbòrí táyà, ìdí dígí ẹ̀gbẹ́. Oòrùn ti sọ gbogbo wọn di aláwọ̀ eérú, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọkọ̀ náà fún àbúrò mi pé kó bá mi kùn wọ́n. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló wà ní ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ̀ pupa kan gbá bàbá ọlọ́dẹ, tó sì sá lọ. Bàbá náà kò rí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìyàwó bàbá ló rí ọkọ̀ náà, níbi tó ti ń gbé oúnjẹ bọ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ akẹ́rù pupa ni, kò tan iná, ojú rẹ̀ méjèèjì sì funfun bí ojú ẹni tí wọ́n fi aṣọ dì. Sájẹ́ǹtì tó ń bá Ìyá Jẹ́jẹ́ ṣiṣẹ́ fi apá ìkẹyìn yẹn rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀fọ̀ ló ń da ìyá náà lórí rú.

Sájẹ́ǹtì yìí ló fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí mi lọ́wọ́ lójú gbogbo aládùúgbò mi, tó fọwọ́ ti orí mi wọnú ọkọ̀ wọn bí ẹni ń ti àpò sìmẹ́ńtì. N kò tíì darí rẹ̀ jì í. Ìyá Jẹ́jẹ́ yàtọ̀ sí i. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni obìnrin náà, ó sanra díẹ̀, ó sì ti ń darúgbó. Torí pé kì í gbóhùn sókè ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Tó bá ń ronú, á bọ́ dígí ojú rẹ̀, á máa fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún, Sájẹ́ǹtì á sì máa bá a pa ariwo tí obìnrin náà kò pa.

"Ọ̀gbẹ́ni, ọkọ̀ pupa irú tiyín ò pọ̀ níbí," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ẹ jẹ́wọ́ kí gbogbo wa lọ sinmi."

"Ẹ lọ bi àbúrò mi," ni mo wí. "Ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọkọ̀ wà. Kò ní parọ́ fún yín."

Títí dòní, tí mo bá rántí bí mo ṣe fi gbogbo ẹnu sọ ọ́, ara mi máa ń gbóná.

Ọ̀ràn náà kò ṣeé fi ṣeré. Èèyàn ti kú. Ìyàwó mi ti lọ bá ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, kò sì sẹ́ni tó rí mi nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kọ́kọ́rọ́ kejì ọkọ̀ náà sì wà lápò ṣòkòtò mi. Bí wọ́n bá so ó mọ́ mi lọ́rùn, inú ẹ̀wọ̀n ni n óò darúgbó sí.

Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí èmi àti àbúrò mi. Nígbà tí bàbá wa kú, kò sí bí àwa méjèèjì ṣe lè jọ máa lọ sílé ìwé. Mo fi ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ kí òun lè dúró síbẹ̀, mo lọ ń ru pákó fún àwọn awakọ̀ títí èmi náà fi di awakọ̀. Nígbà tí ilé ìwé wá sú u, èmi ni mo mú un lọ síbi tó ti kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ kíkùn. Ṣọ́ọ̀bù tó ń lò, ẹ̀yìnkùlé ilé tí mo ń gbé tẹ́lẹ̀ ni. Òrùlé páànù tó wà níbẹ̀, èmi ni mo gun àkàbà kàn án.

Iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́, n kò ní fi ìbínú sẹ́ ẹ. Ọ̀gá Dídán ni àwọn oníbàárà ń pè é. Ó máa ń sọ fún mi pé ike kì í gba ọ̀dà bí irin ṣe ń gbà á. Ó ní èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí òróró ara rẹ̀ lọ, kó wá fi sàǹpépà ha á títí ara rẹ̀ kò fi ní yọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni á fọ́n omi ìlẹ̀mọ́ sí i, omi kan tó máa ń jẹ́ kí ọ̀dà di ike mú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni dúdú máa wọlé, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí tó kẹ́yìn ni kílíà, ọ̀dà tó dà bí omi, tó máa ń mú un dán. Ẹni tó bá fo ọ̀kankan nínú wọn, ó ní ọ̀dà rẹ̀ á bọ́ bí awọ ejò.

Ìyá Jẹ́jẹ́ àti Sájẹ́ǹtì lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Nígbà tí wọ́n padà dé, Sájẹ́ǹtì ló wá ṣílẹ̀kùn àhámọ́. Ojú rẹ̀ kò dùn. Ó ní àbúrò mi sọ pé ọkọ̀ kò kúrò lójú kan látìgbà tí mo ti gbé e wá. Ó ní àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo ike ara rẹ̀ pé, kò sí èyí tó fọ́, wọ́n sì ń dán bíi dígí. Ike tí wọ́n ṣà lójú ọ̀nà kò dán rárá.

Inú mi dùn débi pé mo kí i. Mo rò pé àbúrò mi ti gbà mí là.

Ṣùgbọ́n wọn kò tíì jẹ́ kí n lọ. Wọ́n ní ó di ìgbà tí wọ́n bá rí ọkọ̀ tó ṣe é.

Ọkọ̀ pupa mìíràn tí wọ́n rí jẹ́ ti ọkùnrin kan tó ń kó búlọ́ọ̀kù. Bọ́ńpà rẹ̀ fọ́ lápá òsì, ó sì ti fi aṣọ bò ó. Bí wọ́n ṣe ní kó ká aṣọ náà, òógùn bò ó. Sájẹ́ǹtì mú un wá, ó jù ú sọ́dọ̀ mi nínú àhámọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti gba ẹ̀bùn.

Ọkùnrin oníbúlọ́ọ̀kù yìí kò jẹ́ kí n sinmi. Ó ń bẹ Ọlọ́run, ó ń bẹ ìyá rẹ̀, ó ń bẹ èmi pàápàá. Nígbà tí ó sú mi, mo bi í pé kí ló gbá gan-an. Ó wò yíká, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ògiri àna òun ni òun gbá. Ó ní àna òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ògiri náà ni, ó ń wá ẹni tó wó o kiri, òun pàápàá sì ti bá a wá ẹni náà.

"Ẹ bá a wá a?" ni mo bi í.

"Èmi ni mo gbé tọ́ọ̀ṣì dání fún wọn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ìyá Jẹ́jẹ́ kò tilẹ̀ bi í tó bẹ́ẹ̀. Ó kàn fi ọ̀bẹ kékeré ha bọ́ńpà ọkọ̀ rẹ̀ díẹ̀, ó rí i pé dúdú ni ike náà dé inú, wọn kò kùn ún rí. Ike tí wọ́n ṣà lójú ọ̀nà ní ọ̀dà lára. Wọ́n tú ọkùnrin náà sílẹ̀ kó lọ bá àna rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ògiri.

Lẹ́yìn ìyẹn ni obìnrin náà pè mí jáde. Ó gbé ègé ike náà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó mú téèpù oníbébà, irú èyí tí àwọn tó ń kùn ọkọ̀ fi ń bo ibi tí wọn kò fẹ́ kí ọ̀dà kàn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú dúdú náà, ó fà á yọ lójijì. Téèpù náà mọ́ tónítóní. Ọ̀dà kò tẹ̀ lé e rárá.

"Ẹni tó kùn èyí mọ iṣẹ́ rẹ̀," ló wí. "Ó fọ̀ ọ́, ó ha á, ó ṣe gbogbo nǹkan tó yẹ. Ṣùgbọ́n kò dán. Ẹ̀yin tí àbúrò yín ń kùn ọkọ̀, kí ló kù?"

"Kílíà," ni mo wí.

"Ṣé wọ́n lè fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì?"

Mo ní rárá. Àbúrò mi kì í jẹ́ kó pẹ́. Ó ní tí dúdú bá gbẹ jù kí kílíà tó bá a, kílíà kò ní dì í mú dáadáa, àfi kí èèyàn tún gbogbo rẹ̀ ha kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá ti fọ́n dúdú tán, kì í gbọ́ ìpè ẹnikẹ́ni títí á fi parí.

Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "A jẹ́ pé ọkọ̀ tó pa bàbá yẹn jáde láàárín iṣẹ́," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹnì kan gbé e jáde nígbà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e."

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, mo sì kọ̀ láti tẹ̀ lé e débẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé àwọn tó ń kùn ọkọ̀ pọ̀.

Ó ní òun fẹ́ yà níbì kan, pé lẹ́yìn náà ni òun yóò mú mi lọ wo ọkọ̀ mi.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, àbúrò mi ń fi omi ọṣẹ fọ bọ́ńpà ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ó rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Ṣé ẹ ti jẹun?"

Mo ní mo jẹun. Ọkọ̀ mi dúró lábẹ́ òrùlé páànù, ó ń dán. Bí kì í bá ṣe ọ̀ràn tó wà nílẹ̀, ǹ bá kí i kú iṣẹ́.

Ìyá Jẹ́jẹ́ kò bèèrè nǹkan kan. Ó mú téèpù lórí tábìlì iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó tẹ téèpù mọ́ ìbòrí táyà ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, ó fà á. Ọ̀dà kò mì. Ó lọ sí ti òsì, ó fà á. Ọ̀dà kò mì. Ó ṣe bọ́ńpà, ó ṣe ìdí dígí. Sájẹ́ǹtì ń wò ó bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣe nǹkan tó ń tì í lójú láàárín ọjà. Èmi ń wo àbúrò mi. Kò wo téèpù náà. Ìbòrí táyà iwájú lápá òsì ló ń wò, obìnrin náà kò sì tíì débẹ̀.

Nígbà tó débẹ̀, ó tẹ téèpù, ó fà á, ọ̀dà sì bá a wá. Kì í ṣe díẹ̀. Ó bọ́ ní odindi, ó fẹ̀ tó ìwé ìròyìn tí wọ́n ká sí méjì. Ìyá Jẹ́jẹ́ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ bí aṣọ tí èèyàn fẹ́ sá.

Abẹ́ rẹ̀ ni mo wò. Mo mọ ike ọkọ̀ mi. Gbogbo wọn ni oòrùn ti jẹ, gbogbo wọn ni òkúta ti ha. Apá òsì yìí gan-an, èmi fúnra mi ni mo fi ha ara òpó ní ibi tí wọ́n ti ń wa yanrìn, àpá rẹ̀ sì gùn tó apá mi. Ike tó wà níbẹ̀ báyìí dúdú kirikiri, kò ní àpá kankan, òróró ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣì wà lára rẹ̀.

"Èyí kò tíì rí oòrùn rí," ni Ìyá Jẹ́jẹ́ wí. "Wọn kò fọ̀ ọ́, wọn kò ha á. Ọ̀gá Dídán, kí ló lé yín?"

Àbúrò mi wò mí. Mo rí i nígbà tí ó pinnu. Kò pẹ́, ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá gbé ẹsẹ̀ kan kúrò lórí àkàbà. Lẹ́yìn náà ni omi jáde lójú rẹ̀, omi gidi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú," ló wí. "Mi ò lè bá yín pa á mọ́ra mọ́."

Ó yíjú sí Sájẹ́ǹtì, ó sì sọ ọ́. Ó ní mo wá gbé ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní mo gbé e padà lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú, ìbòrí táyà ti fọ́, mo ń gbọ̀n, mo ní kó ra òmíràn lówùúrọ̀, kó kùn ún, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun kò lè sẹ́ mi, torí pé èmi ni mo tọ́ òun. Ohun tó wá dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ohun tí mo ṣe fún un látìgbà èwe ló ń kà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, oúnjẹ tí mo fi sílẹ̀ fún un, ilé ìwé, ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kan ìṣó mọ́ mi lára.

"Èmi?" ni mo wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ kó tán."

Sájẹ́ǹtì ti tì mí mọ́ ògiri. Kí ni mo fẹ́ sọ? Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Kò sẹ́ni tó rí mi nílé. Ẹnu ọmọ ìyá mi ni ẹjọ́ náà sì ti jáde, ta ló máa gbà mí gbọ́?

Ìyá Jẹ́jẹ́ dojú garawa ọ̀dà òfìfo kan bolẹ̀, ó jókòó lé e. Ó bọ́ dígí ojú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ló wí fún àbúrò mi. "Ó nira láti sọ irú èyí. Ẹ kàn bá mi to díẹ̀ sí i. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n yín wá gbé ọkọ̀, ṣé iṣẹ́ ti parí lára rẹ̀?"

"Ó ti parí, mà."

"Kílíà ńkọ́?"

"Mo ti fọ́n ọn tipẹ́. Ó ti gbẹ."

"Àwọn bébà tí ẹ fi bo dígí àti iná?"

"Mo ti ṣí gbogbo wọn kúrò, mà. Mo tilẹ̀ fọ ọkọ̀ náà fún wọn."

"Ẹ ṣé. Ṣé wọ́n tan iná nígbà tí wọ́n ń jáde?"

"Wọ́n tan án. Mo rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lára ògiri yẹn."

"Ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ kúrò níbí lọ́jọ́ náà?"

"Rárá, mà. Ibí ni mo wà títí mo fi tilẹ̀kùn."

Ó tún dígí rẹ̀ wọ̀. Ó na ọwọ́ sí Sájẹ́ǹtì, Sájẹ́ǹtì sì gbé ègé ike náà lé e lọ́wọ́ láì mọ ìdí. Ó gbé e sí ìbòrí táyà ẹ̀yìn, èyí tó ń dán, kí gbogbo wa lè rí méjèèjì pọ̀.

"Èyí ni ọkọ̀ náà já sílẹ̀ nígbà tó gbá bàbá. Kò sí kílíà lára rẹ̀. Ẹ ní ẹ ti fọ́n ọn, ó ti gbẹ."

Àbúrò mi wo ègé ike náà, Ìyá Jẹ́jẹ́ sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Ìyàwó bàbá sọ fún wa pé ọkọ̀ náà kò tan iná, pé ojú rẹ̀ funfun bí ojú tí wọ́n fi aṣọ dì. A rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é." Ó wo Sájẹ́ǹtì díẹ̀, Sájẹ́ǹtì sì wo ilẹ̀. "Bébà ló rí. Bébà tí ẹ lẹ̀ bo iná kí dúdú má baà kàn án. Ẹ̀gbọ́n yín ti ń wakọ̀ kí irùngbọ̀n yín tó hù. Ṣé ẹ rò pé ó lè jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n di lójú, ní ìrọ̀lẹ́, kó má ya bébà náà? Ẹni tó kàn fẹ́ sáré lọ sáré bọ̀ ni kò ní ya á, torí kò fẹ́ tún un lẹ̀."

Ó na ìka sí abẹ́ tábìlì iṣẹ́. Agolo kílíà méjì ló wà níbẹ̀. Ìkan ti ṣófo, ó ti gbó. Èkejì tuntun, àwòrán ara rẹ̀ sì yàtọ̀.

"Ìyẹn ni mo rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n kò mọ ohun tí mo rí," ló wí. "Lónìí mo yà lọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta ọ̀dà. Ó rántí yín. Ó ní ẹ bá òun lẹ́nu ọ̀nà tí òun ń tilẹ̀kùn, ọwọ́ yín dúdú, ẹ ń bẹ òun pé kílíà ti tán mọ́ yín lọ́wọ́, dúdú sì ti fẹ́ gbẹ. Kò ní irú èyí tí ẹ máa ń lò mọ́, ó fún yín ní òmíràn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá síbí, iwájú ilé ìlagi ni ọ̀nà gbà."

Sájẹ́ǹtì jáwọ́ lára mi.

Àbúrò mi jókòó sílẹ̀, sínú omi ọṣẹ tó dà sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní ọ̀kadà òun kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun rò pé agolo kan á tó. Ó ní òun kàn fẹ́ kí iṣẹ́ náà dára ni, nítorí pé ọkọ̀ mi ni. Ó ya bébà ojú dígí nìkan, ó fi ti iná sílẹ̀. Bó ṣe ń bọ̀, bàbá náà sọdá.

"Ṣé ẹ dúró?" ni Ìyá Jẹ́jẹ́ bi í.

Ó ní òun dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀. Ó wo dígí ẹ̀gbẹ́, ó rí bàbá nílẹ̀, ó rí i tó gbé ọwọ́ sókè. Ó wakọ̀ lọ. Nígbà tó délé, ó tilẹ̀kùn, ó sì fọ́n kílíà sára gbogbo èyí tó kù, torí ó ń gbẹ lọ. Ó ní ọwọ́ òun ń gbọ̀n, síbẹ̀ kílíà náà kò ṣàn sílẹ̀. Mo wo bọ́ńpà mi. Lóòótọ́, kò ṣàn. Bàbá kan ń kú lọ lójú ọ̀nà, ọmọ ìyá mi ń fọ́n kílíà, ó sì mú un dán.

Mo bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Mo ní èwo ni tèmi nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Kò gbójú sókè. "Ẹ̀yin lẹ máa ń bá mi gbé ẹrù mi látilẹ̀," ló wí. "Mo rò pé ẹ máa gbé èyí náà."

Wọ́n ṣí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n fi sí i lọ́wọ́. Sájẹ́ǹtì ní kí n má bínú. Mo ní mo gbọ́. N kò sọ pé mo gbà.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ gba bàtà àti ìgbànú mi ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ìyá wa ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn tó wà lẹ́bàá ògiri, ó di gèlè rẹ̀ le bí ẹni tó ń lọ jà. Ó ní wọ́n lè jẹ́ kí àbúrò mi lọ sílé di ọjọ́ ẹjọ́ bí ẹbí rẹ̀ kan tó ní nǹkan bá dúró fún un. Ó ní ta ló tún ní nǹkan nínú wa bí kò ṣe èmi. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá, pé ẹ̀rù ló ba ọmọ náà, pé òun mọ̀ pé mo máa ń di ìbínú sínú, ṣùgbọ́n kí n fi èyí ta òun lọ́rẹ. Ohùn àbúrò mi ń wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn irin, ó ń pe "ẹ̀gbọ́n mi" bó ṣe máa ń pè é nígbà tí a ṣì kéré.

Mo ń wo òpin bẹ́ǹṣì náà, níbi tí obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú jókòó sí. Ìyàwó bàbá ọlọ́dẹ ni. Wọ́n pè é pé kó wá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, pé wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo sọ fún un pé èmi ni mo ni ọkọ̀ náà, pé àbúrò mi ló wà á.

Ó wò mí títí. Kò pariwo. Ó ní nǹkan kan ṣoṣo wà tí òun ń bèèrè láti ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún òun. Ó ní ṣé awakọ̀ náà mọ̀ pé èèyàn ni ó gbá, àbí ó rò pé ẹran ni?

Ìyá mi ti dìde. Ó di apá mi mú láti ẹ̀yìn, ó ń tẹ̀ ẹ́. Mo mọ ohun tó ń bẹ̀ mí pé kí n sọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ó sì rọrùn.

"Ó mọ̀, ìyá," ni mo wí. "Ó rí bàbá nínú dígí. Bàbá gbé ọwọ́ sókè sí i."

Obìnrin náà mi orí, bí ẹni tó gbọ́ ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ìyá mi kúrò lápá mi. Ó padà lọ jókòó, kò sì bẹ̀ mí mọ́.